Agbo Ẹṣin Tí Kì Í Jẹ Koríko: Ilẹ̀ Wọn àti Iṣẹ́ Wọn Láàárín Àwọn Yorùbá

Bí àlejò bá wọ Odòde ní Ìdànrè, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni àpáta. Òkè ńláńlá yí ìlú náà ká bí ọgbà, igbó kìjikìji sì dì mọ́ ẹsẹ̀ àwọn òkè náà, àfi ibi tí oko kòkó bá ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Òkè Ìdànrè, wà lórí àpáta lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ó ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà bí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun. Ẹni tí yóò bá dé ibẹ̀ yóò gun àkàsọ̀ tí ó lé ní 600. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí Odòde àti àwọn ibòmíràn ní ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò wo ilẹ̀ yìí tí yóò sọ pé ilẹ̀ ẹṣin ni. Kò sí pápá tí ẹṣin lè ná ẹsẹ̀ sí, àkàsọ̀ òkè kò gba pátákò, kòkòrò inú igbó kò sì ní jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé níbẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ Odòde tí kò fojú kan ẹṣin rí yóò ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Yóò gbọ́ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì ṣe àṣìṣe tí ojú tì í, àgbà yóò sọ fún un pé bí ẹṣin bá dá ni, a óò tún un gùn. Ẹṣin wo ni ó wá ń sáré kiri nínú gbólóhùn àwọn ènìyàn tí ilẹ̀ wọn kò gba ẹṣin?

Agbo méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Agbo èkínní ni ti ẹṣin ẹlẹ́ran-ara, tí ń jẹ koríko àti ọkà bàbà, tí ń yán, tí ń ṣàìsàn, tí ó sì ń kú. Agbo kejì kì í jẹ koríko. Inú rẹ̀ ni ẹṣin igi wà, àti ẹṣin inú òwe, àti ènìyàn ẹlẹ́ran-ara tí òrìṣà ń gùn, tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń pè ní ẹṣin òrìṣà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí agbo èkínní, ọ̀pọ̀ sì ti sọ̀rọ̀ lórí ẹlẹ́gùn; ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ̀wé lórí ọ̀kan kì í sábà bojú wo èkejì. Àbùkù ni èyí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹṣin jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, iye tí wọ́n ń rà á àti ìyà tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó lè tọ́jú rẹ̀, kò lè mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n pe ènìyàn ní ẹṣin.

Ilẹ̀ ẹṣin ni ọ̀dàn. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ìhà àríwá, kò jìnnà púpọ̀ sí Odò Ọya, níbi tí igi ti fọ́nká tí koríko sì pọ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàrìbá, Tápà àti Haúsá ni ẹṣin ti ń wá. Kì í ṣe ohun tí tálákà lè rà. Bí wọ́n bá sì rà á tán, ó kù ẹni tí yóò máa gé koríko fún un, tí yóò máa fún un ní omi, tí yóò sì mọ oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yọ́ jẹ́ ẹrú tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí Àfọ̀njá ti Ìlọrin ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, tí wọ́n sì pe àwọn ẹrú wọ̀nyí ní 1817 pé kí wọ́n wá gba òmìnira, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ sí Ìlọrin. Kì í ṣe ẹrú nìkan ni Ọ̀yọ́ pàdánù lọ́jọ́ náà. Ìmọ̀ títọ́jú ẹṣin bá wọn lọ, ọ̀nà tí ẹṣin tuntun ń gbà wọlé láti àríwá sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn èyí tí Ọ̀yọ́ Ilé fi di ahoro, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ ìlú tuntun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà.

Kòkòrò kan ni ó pààlà sí ìrìn ẹṣin. Eṣinṣin tsetse, tí ń gbé inú igbó àti etí odò, a máa gbé àrùn nagana fún ẹran nígbà tí ó bá bù wọ́n jẹ. Ní 1895 ni David Bruce, oníṣègùn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí ohun tí ń fa àrùn náà ní ilẹ̀ Zulu: ẹ̀dá kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí, tí ń wẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Màlúù kúkúrú inú igbó lè fara dà á. Ẹṣin kò lè fara dà á. Yóò máa rù, ara rẹ̀ yóò máa gbóná, yóò sì kú. Àwọn Yorùbá kò ní láti dúró de Bruce kí wọ́n tó mọ̀ pé igbó ń pa ẹṣin. Wọ́n ti fi ojú rí i.

Ibi tí igbó bá dúró sí ni ìjọba ẹṣin dúró sí. Èyí ni ìdí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi lè lọ jìnnà sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ju bí wọ́n ti lè lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ìhà Dàhòmì igbó já, ọ̀dàn sì gba àlàfo náà kọjá títí dé etí òkun. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbà kọlu Dàhòmì ní 1726, nígbà ayé ọba Agaja. Nígbà tí ó di 1730, Dàhòmì ti gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó sún mọ́ Ọ̀yọ́ ju Dàhòmì lọ, kò ṣeé gùn bẹ́ẹ̀. Ìdànrè tilẹ̀ jìnnà sí i nínú igbó. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tún fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo pẹ̀lú ẹṣin wọn. Àwọn Ìbàdàn kọlù wọ́n ní òru, wọ́n sì fọ́ wọn yángá, nítorí kí ni ẹlẹ́ṣin fẹ́ fi ẹṣin ṣe láàárín igi nínú òkùnkùn? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, lẹ́bàá Ìkìrun, ó tún ṣẹlẹ̀ sí wọn. Bí wọ́n ti ń sá ni wọ́n ń já lu omi odò Ọ̀tìn, ìyẹn ni ó sì fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀, Jálumi.

Kí ni ó wá kan Ìdànrè nínú gbogbo èyí? Ohun tí ó kàn án ni pé ẹṣin kò lè wọ inú igbó láàyè, ṣùgbọ́n ó wọ ibẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ìrù rẹ̀ wọ ibẹ̀: ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ọba ń gbé lọ́wọ́ àti èyí tí babaláwo ń jù, ìrù ẹṣin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èyí tí ó bá dára jù nínú wọn. Ọba tí kò gun ẹṣin rí a máa fi ìrù ẹṣin dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lóhùn. Orúkọ rẹ̀ náà wọ ibẹ̀. Àwòrán rẹ̀ sì wọ ibẹ̀ púpọ̀púpọ̀.

Ní ilẹ̀ Èkìtì àti àgbègbè Ìdànrè, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, òpó gbígbẹ́ jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ààfin. Ààfin Ọwá ti Ìdànrè lórí òkè, tí ó wà lára ohun tí ó mú kí Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ ìdúró-dè ti UNESCO ní 2007, ní irú òpó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn àwòrán tí àwọn agbẹ́gilére ìhà ìlà-oòrùn fẹ́ràn jù ni jagunjagun lórí ẹṣin, àti abiyamọ tí ó kúnlẹ̀ tàbí tí ó jókòó. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ irú jagunjagun bẹ́ẹ̀ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Aréògún ti Òsì àti Bámgbóyè ti Odò-Ọwá gbẹ́ wọn sórí ère Ẹpa. Wọ́n tún ń bẹ lórí agere tí wọ́n ń kó ikin Ifá sí.

Àwọn òǹkọ̀wé kan ti wí pé àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí kò mọ ẹṣin dáadáa, nítorí náà ni ẹṣin wọn fi kéré bí ewúrẹ́ lábẹ́ ọkùnrin ńlá. Àlàyé yìí kò tẹ́ni lọ́rùn. Orí ènìyàn tóbi ju ara rẹ̀ lọ nínú ère Yorùbá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé agbẹ́gilére kò rí orí ènìyàn rí. Ipò ni wọ́n ń gbẹ́. Ẹni tí ó gun nǹkan ga ju ohun tí ó gùn lọ. Bí ẹṣin bá tóbi tó bí ó ti rí ní ọjà Ìlọrin, olúwa rẹ̀ yóò di ẹrù lórí ẹran. Ẹ̀rí kan wà tí ó dùn mọ́ni lórí èyí. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Lórí rẹ̀ ni ó ti gbẹ́ Ambrose, ọ̀gágun òyìnbó tí ó wá kí Ògògà. Orí ẹṣin kọ́ ni òyìnbó náà wà. Àwọn arẹ́rù ni ó gbé e. Ọlọ́wẹ̀ mọ ohun tí ń rìn ní ilẹ̀ rẹ̀ àti ohun tí kì í rìn níbẹ̀. Nígbà tí ó bá ń gbẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, ènìyàn ni ó ń gbé alágbára. Nígbà tí ó bá ń gbẹ́ agbára fúnra rẹ̀, ẹṣin ni.

Ère Ẹpa tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ó wúwo gan-an, odindi igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, jagunjagun àti ẹṣin rẹ̀ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lápapọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni yóò gbé e sórí ní ọjọ́ ọdún, yóò jó, yóò sì fò sórí òkìtì kan pẹ̀lú rẹ̀ láìṣubú. Bí ó bá ṣubú, àmì búburú ni fún ìlú. Ẹ wo bí nǹkan ti yí padà: ní Ọ̀yọ́ ẹṣin ni ó ń gbé ènìyàn, nínú igbó Èkìtì ènìyàn ni ó ń gbé ẹṣin. Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ẹsẹ̀ ẹṣin ní wákàtí yẹn.

Láti ibí yìí kò jìnnà mọ́ sí ẹlẹ́gùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bí orúkọ náà ni gùn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tí ó gun ẹṣin, fún ẹni tí ó gun igi, fún akọ ẹran tí ó gun abo, àti fún ará Odòde tí ó gun òkè lọ sí ojúbọ àwọn baba rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan bọ́ sórí nǹkan, ó sì ga ju ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá ní òrìṣà gun ènìyàn, kì í ṣe pé ènìyàn náà ga. Òrìṣà ni ó rí ibi gíga tí yóò dúró sí kí aráyé lè rí i. J. Lorand Matory, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fi ìwé kan lórí Ọ̀yọ́ tí ó jáde ní 1994 ṣàlàyé pé ẹṣin àti ìyàwó ni orúkọ méjèèjì tí àwọn olùsìn Ṣàngó ń fún ẹni tí òrìṣà ń gùn, àti pé ìjọba Ọ̀yọ́ àti ìsìn Ṣàngó jọ dàgbà lórí èrò kan náà ni. Ó jẹ́ òótọ́ pé irun ẹlẹ́gùn Ṣàngó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, a máa di dídì bí ti obìnrin.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ farabalẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ìtumọ̀ ti sábà máa ń ṣìnà. Àwọn míṣọ́nnárì wí pé ẹ̀mí èṣù ni ó ń bá ẹlẹ́gùn jà. Àwọn onímọ̀ kan tí ó tẹ̀ lé wọn ní àìsàn ọpọlọ ni. Lónìí àwọn mìíràn ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni, pé ẹni tí a pè ní ẹṣin ti di ẹran, kò ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Àṣìṣe kan náà ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wọ́n fi ojú ẹni tí ẹṣin kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí ẹṣin ṣọ̀wọ́n fún. Ní ilẹ̀ tí ẹṣin ti wọ́n ju ẹrú lọ, tí ó jẹ́ pé ìjòyè ni ó lè ní in, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ-ọwọ́, kò sí èébú nínú pé kí wọ́n pe ènìyàn ní ẹṣin òrìṣà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òrìṣà náwó lé e lórí. Wọ́n yàn án láàárín ọ̀pọ̀. Wọ́n fá orí rẹ̀, wọ́n gbẹ́ gbẹ́rẹ́ sí i, wọ́n dá ọ̀ṣù sí i, òun ni wọ́n fi ń pè é ní adóṣù. Wọ́n kọ́ ọ ní ìlù, ijó, oúnjẹ tí yóò máa jẹ àti èyí tí kò gbọdọ̀ jẹ. Ẹṣin tí wọn kò kọ́ kò ṣeé gùn. A máa dá ẹni tí ó bá gùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹlẹ́gùn. Òrìṣà tí ó gun ẹni tí wọn kò tíì kọ́ a máa jà, a máa gbé e ṣánlẹ̀; iṣẹ́ àwọn àgbà ìsìn ni láti sọ ìjà náà di ijó.

Iṣẹ́ ẹlẹ́gùn láàárín ìlú pọ̀. A máa sọ ohun tí ń bọ̀, a máa ṣe ìwòsàn, a máa fi ohun tí ó fara sin hàn. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé a máa sọ fún alágbára ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dun ọba, ta ni yóò bá wí? Ẹni tí ó sọ ọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ; ẹni tí ó kù lórí ẹní, tí ó ń bu omi mu, kò mọ ohun tí ẹnu òun sọ. Kò sí iṣẹ́ tí ó wúlò ju èyí lọ ní ìlú tí ọba ti lágbára púpọ̀, kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé Ọ̀yọ́ gan-an ni ó ti gbilẹ̀ jù.

Èyí kò wí pé ìdè kò sí nínú rẹ̀. Oyè kan wà ní Ọ̀yọ́ tí ń jẹ́ Olókùn-ẹṣin. Ẹni tí ó di okùn ẹṣin ọba mú ni, láyé àtijọ́, ó sì gbọ́dọ̀ bá Aláàfin lọ nígbà tí Aláàfin bá wàjà. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyánbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, Olókùn-ẹṣin múra láti lọ, ṣùgbọ́n aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró, ọmọ rẹ̀ sì pa ara rẹ̀ dípò baba. Dúró Ládípọ̀ fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe eré Ọba Wàjà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1964. Wọlé Ṣóyínká náà fi kọ eré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1975. Ẹ̀jẹ̀ wà lára okùn tí ó so ènìyàn mọ́ ẹṣin, ẹni tí ó bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní eré méjèèjì kò gbọdọ̀ fi í pamọ́.

Ìbéèrè kan kù: ṣé láti àríwá ni èrò yìí ti bá ẹṣin wọ ilẹ̀ Yorùbá? Ohun púpọ̀ ni ó fara jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Haúsá tí ń ṣe bòrí ń pe ẹni tí iskoki bá gùn ní ẹṣin, wọ́n sì ń pe obìnrin inú wọn ní godiya, ìyẹn abo ẹṣin. Àwọn Songhay ní etí Odò Ọya ń pè é ní ẹṣin àwọn ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ní etí òkun, láàárín àwọn Fọ̀n, vodunsi ni wọ́n ń pè é, ìyàwó vodun. Kò sí ẹṣin nínú orúkọ náà. Ó dà bí ẹni pé ọ̀dàn mú ẹṣin wá, etí òkun mú ìyàwó wá, àwọn Yorùbá tí ó wà láàárín sì gba méjèèjì láìbéèrè èwo ni kí wọ́n kọ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a yá nìkan ni. Kí ẹṣin tó dé ni ènìyàn ti ń gun òkè ní ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tí ó ń dúró dè é.

Agbo kejì yìí tún lọ sí ibi tí agbo èkínní kò lè bá a dé. Ọkọ̀ tí ó kó àwọn Yorùbá sọdá òkun kò kó ẹṣin wọn. Ṣùgbọ́n ní Cuba, caballo ni wọ́n ń pe ẹni tí òrìṣà bá gùn. Ní Brazil, cavalo ni. Àwọn ará Haiti sì ń pe ti wọn ní chwal. Zora Neale Hurston, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fa orúkọ ìwé rẹ̀ ti 1938 yọ láti inú ohun tí ẹ̀mí máa ń gba ẹnu ẹni tí ó bá gùn sọ ní Haiti: ẹ bá mi sọ fún ẹṣin mi. Ẹ̀mí ni ó ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó gùn, nítorí tí olúwa rẹ̀ bá jí, kò ní rántí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, igbó ti dínkù, oògùn nagana sì ti wà láti àárín ọ̀rúndún ogún, nítorí náà ẹṣin ẹlẹ́ran-ara ti ń dé ibi tí kò dé rí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba pẹ̀lú ìbọn, ìlù àti aṣọ olówó iyebíye, ẹṣin náà a sì máa fi ẹsẹ̀ jó sí ìlù. Ní Ìdànrè, nígbà ọdún Ọ̀rọ̀sùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń gun òkè.